Olóyè Látúnjí Jókòó Ti Olóyè Látúnjí

Ṣé ẹ mọ ibi tí òwe yìí ti ṣẹ̀, èyí tí àwọn àgbà máa ń pa pé, "Ẹni tí kò jókòó ti ara rẹ̀ rí, kò lè mọ bí òun ti fẹ̀ tó"? Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀ yẹn. Mo mọ̀ pé ẹ̀ ń fi í bá ọmọ yín wí bó bá na ẹsẹ̀ gbọọrọ sórí ẹní tí àwọn yòókù sì wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ẹ rò pé baba ńlá ẹnì kan ló lá a lójú àlá. Rárá o. Ìlú wa, Òkè-Ọ̀sán, ló ti jáde, níwájú ṣọ́ọ̀bù Àwẹ̀ró oníṣẹ́ fótò, ní ọ̀sán gangan, lójú tọmọdé tàgbà. Bí ará ìlú mìíràn bá sọ fún yín pé ọ̀dọ̀ àwọn ni, ẹ ní kó fi fótò rẹ̀ hàn yín. Àwa ní fótò.

Àwẹ̀ró yìí, kò sí ẹni tó mọ fótò yà bíi tirẹ̀ ní gbogbo agbègbè wa. Òun fúnra rẹ̀ ló ń sọ bẹ́ẹ̀, a ò sì tíì rí ẹni tó já a nírọ́. Kámẹ́rà tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ ló ń lò, àpótí onígi ńlá kan tó dúró lórí ẹsẹ̀ mẹ́ta, tó ní aṣọ dúdú lẹ́yìn. Àwẹ̀ró á ki orí bọ abẹ́ aṣọ náà, á máa wo gbogbo ọlọ́lá ìlú ní ìdoríkodò, fìlà nísàlẹ̀, bàtà lókè, nítorí bẹ́ẹ̀ ni gíláàsì inú irú kámẹ́rà yẹn ṣe ń fi èèyàn hàn. Bóyá ìdí nìyẹn tí kò fi bẹ̀rù ẹnikẹ́ni.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó fi ń yangàn jù ni iṣẹ́ ìbejì. Ẹ mọ̀ pé ìyá ìbejì kì í fẹ́ fótò tí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ rẹ̀ kò sí. Bí Táíwò bá wà nílé tí Kẹ́hìndé sì wà lẹ́yìn odi, Àwẹ̀ró á mú páálí dúdú kan, á fi bo ìdajì ojú kámẹ́rà, á ní kí Táíwò jókòó sí apá kan, á yà á. Lẹ́yìn náà á gbé páálí bo ìdajì kejì, á ní kí Táíwò pààrọ̀ aṣọ, kó lọ jókòó sí apá kejì, á tún yà á sórí fíìmù kan náà. Bó bá fọ fótò tán, ìbejì méjì ló fara ti ara wọn yẹn, ẹ ò sì ní mọ ibi tí apá kan ti parí tí èkejì ti bẹ̀rẹ̀.

"Ẹ wá ìlà níbẹ̀," Àwẹ̀ró á wí, á káwọ́ sẹ́yìn. "Ẹ wá a dáadáa o."

Àwọn ìyá ìbejì á wá a títí, wọn ò ní rí i, ẹkún ayọ̀ ni wọ́n á fi gba fótò lọ sílé.

Ó wá ṣe, Ẹgbẹ́ Ọ̀rẹ́dọmọìyá ìlú wa fẹ́ tẹ kàlẹ́ńdà ọdún tuntun. Bí wọ́n ti máa ń ṣe é ni pé àwọn àgbà ẹgbẹ́ á tò sórí bẹ́ńṣì gígùn kan níwájú ṣọ́ọ̀bù Àwẹ̀ró, alága á wà láàárín, fótò yẹn ni wọ́n á sì lẹ̀ mọ́ ògiri ní gbogbo ilé jákèjádò ìlú. Alága wọn nígbà náà ni Olóyè Látúnjí, ẹni tó ni sọ́míìlì etí odò. Èèyàn dáadáa ni o, ẹ má ṣì mí gbọ́. Ó lawọ́, bó bá sì rẹ́rìn-ín, ẹ ó gbọ́ ọ dé ọjà. Àbùkù kan ṣoṣo tó ní ni pé kò mọ ibi tí òun parí sí. Bó bá jókòó, á da apá ọ̀tún agbádá sórí ẹni tó wà lọ́tùn-ún, á da tòsì sórí ẹni tó wà lósì, á wá máa sún ìdí wọ àárín bí ẹni pé ẹnì kan fẹ́ jí àárín náà gbé.

Ẹni tí ìyà yìí ń jẹ jù ni Bàbá Adéòtí, akápò ẹgbẹ́, bàbá pẹlẹbẹ kan tí àyè rẹ̀ máa ń bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ alága. Láti ọdún tí Látúnjí ti di alága, etí kan ṣoṣo ló ń hàn lára Bàbá Adéòtí nínú kàlẹ́ńdà. Etí yẹn wá lókìkí. Àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ á nàka sí i lára ògiri, wọ́n á ní, "Bàbá àgbà rèé!"

Lọ́dún tí mò ń wí yìí, Bàbá Adéòtí ti ra fìlà tuntun. Ó jókòó, ó tún fìlà ṣe, ó sì rọra sọ̀rọ̀.

"Olóyè, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sún díẹ̀."

"Kí n sún lọ síbo?" ni Látúnjí fi dá a lóhùn. "Ṣé ẹ ò rí i pé ńṣe ni mo ká jọ?"

Kí ó lè fi hàn pé òun ká jọ, ó gbé agbádá sókè, ó sì tún un fẹ̀. Bàbá Adéòtí bá fìdí kanlẹ̀ gbì. Fìlà tuntun yí gbirigbiri, ó di abẹ́ kámẹ́rà.

Bàbá náà dìde, ó gbọn iyanrìn kúrò lára. "Ó tó gẹ́ẹ́," ló wí. "Etí mi yìí ní èkejì. Bí ọkùnrin yìí kò bá mọ̀ ọ́n sún, èmi kò bá a jókòó mọ́."

Bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà yòókù dìde lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n tẹ̀ lé e. Ó ku Látúnjí nìkan lórí bẹ́ńṣì gígùn, inú sì ń bí i.

"Ẹ máa lọ!" ló kígbe. "Ta ló tiẹ̀ tó jókòó tì mí nílùú yìí? Kò sẹ́ni tó tó bẹ́ẹ̀ àfi èmi fúnra mi." Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ ọn lẹ́nu. Ó yíjú sí Àwẹ̀ró. "Ìwọ kọ́ lò ń mú ìbejì jókòó ti ara wọn? Mú èmi náà jókòó ti èmi. Èmi nìkan ni n ó kún bẹ́ńṣì yìí, fótò náà la ó sì tẹ̀ sínú kàlẹ́ńdà."

"Bàbá, ìbejì mọ bí wọ́n ṣe ń fàyè gba ara wọn…"

"Bí o ò bá lè ṣe é, wí. Ọ̀dọ́kùnrin kan wà n'Ìbàdàn tí kámẹ́rà rẹ̀ ń tanná fúnra rẹ̀. Láti ọdún yìí lọ, òun ni yóò máa ya kàlẹ́ńdà wa."

Ọ̀rọ̀ yẹn gún Àwẹ̀ró lọ́kàn. Bàbá rẹ̀ ló ya kàlẹ́ńdà ẹgbẹ́ àkọ́kọ́, orúkọ bàbá rẹ̀ ló sì wà lára pátákó tó wà níta ṣọ́ọ̀bù, èyí tó ń fi ọ̀dà kùn ní ọdọọdún. Bí iṣẹ́ yìí bá bọ́ sọ́wọ́ ará Ìbàdàn, kí ni pátákó yẹn tún ń ṣe níta? Ó gbé àgbọ̀n sókè.

"Ẹ jókòó, bàbá. Bí ẹnikẹ́ni bá rí ìlà nínú fótò yìí, kó fọwọ́ ara rẹ̀ ja pátákó bàbá mi lulẹ̀."

Ó mú ẹfun, ó fà á sí ojú àárín bẹ́ńṣì gan-an. "Ẹ má jẹ́ kí ohunkóhun kọjá ẹfun yìí o. Ohun tó bá kọjá, páálí á gé e dànù."

"Ẹfun ni yóò pààlà fún èmi Látúnjí?"

Ó jókòó sí apá òsì. Níbẹ̀rẹ̀, ó jìnnà sí ẹfun. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin èèyàn mi, ìdí tó ti mọ àárín láti ọdún pípẹ́, ta ló lè kọ́ ọ ní ẹ̀gbẹ́? Díẹ̀díẹ̀ ló ń sún. Ó da agbádá títí dé ìpẹ̀kun bẹ́ńṣì lọ́wọ́ kan, ó na ìgbọ̀nwọ́ kọjá ẹfun lọ́wọ́ kejì, ó sì fi orí tẹ̀ lé e.

"Bàbá, etí yín ti kọjá ẹfun," Àwẹ̀ró ké láti abẹ́ aṣọ dúdú.

"Etí mi mọ ibi tó ń lọ. Tẹ̀ ẹ́!"

Àwẹ̀ró tẹ̀ ẹ́. Ó gbé páálí sí apá kejì, Látúnjí pààrọ̀ fìlà, ó bọ́ sí apá ọ̀tún. Ohun kan náà ló tún ṣe. Ó tiẹ̀ wo àyè òfìfo tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tìkà-tẹ̀gbin, ó sì gbójú kúrò. "Kí ẹni tó wà níbẹ̀ yẹn má fara kàn mí o," ló wí. Àwẹ̀ró bẹ̀ ẹ́ pé kó sún, kò sún. Ó tún tẹ̀ ẹ́.

Nígbà tó wọ yàrá òkùnkùn, tó ri fótò sínú omi òògùn, tí àwòrán bẹ̀rẹ̀ sí í yọ, ohun àkọ́kọ́ tó wò ni ìlà. Kò sí ìlà. Ó gbé e súnmọ́ iná pupa, ó wò ó fínnífínní, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Orí rẹ̀ wú. "Bàbá mi, ẹ wá wò ó o!" ló wí fún bàbá rẹ̀ tó ti kú. Ìgbà náà ló wá wo èèyàn inú fótò. Ó pariwo, "Yéè!"

Ó gbìyànjú àtúnṣe. Ó mú pẹ́ńsùlù ẹlẹ́nu ṣóńṣó tí wọ́n fi ń tún ojú ṣe lórí fíìmù, èyí tó ti fi pa irorẹ́ rẹ́ lójú ọ̀pọ̀ ìyàwó, ó fi ya etí kan fún Olóyè. Etí náà jọ ìgbín tó ń gun ògiri. Ó fi réésà ha á kúrò, ó tún òmíràn yà. Èyí tún burú jù, ó jọ ìgbín tó ń sọ̀kalẹ̀. Ó ju pẹ́ńsùlù sílẹ̀. Pẹ́ńsùlù lè dí ihò irorẹ́, kò lè gbin etí. Ó tẹ fótò náà ní ńlá bí Olóyè ti ní kó ṣe, ó gbé e síta, ó sì fi aṣọ bò ó.

Látúnjí ti pe gbogbo ìlú, ó sì rí i dájú pé àwọn àgbà ẹgbẹ́ wà níwájú, kí wọ́n lè rí i pé òun kò nílò wọn. Ó ká aṣọ kúrò lójú fótò.

Gbogbo ìlú na ọrùn wò ó.

Látúnjí méjì ló wà lórí bẹ́ńṣì. Agbádá wọn kún un láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun. Láàárín, wọ́n fún mọ́ra bí ẹni tó há sẹ́nu ọ̀nà. Ti òsì kò ní apá ọ̀tún. Ti ọ̀tún kò ní apá òsì. Olúkúlùkù ní etí kan ṣoṣo, ti ọ̀tún sì gbójú kúrò lára ìkejì bí ẹni tó gbóòórùn nǹkan.

"Ta ni aláìnítìjú yìí?" Látúnjí ké, ó nàka sí ti ọ̀tún. "Ó ń tì mí kúrò lórí ìjókòó mi!"

"Ẹ̀yin ni, bàbá," Àwẹ̀ró dáhùn.

"Èyí tòsì ńkọ́, tó jẹ mí létí?"

"Ẹ̀yin náà ni."

"Irọ́ ni! Iṣẹ́ rẹ ló bàjẹ́. Ìlà wà níbẹ̀!" Ó yọ awò ojú rẹ̀ jáde, ó fi imú kan fótò, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìlà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ojú Àwẹ̀ró wà lára pátákó. Látúnjí wá a títí òógùn fi bò ó. Ó ní kí Bàbá Adéòtí náà wá a. Bàbá Adéòtí wá a, ó na ara ró.

"Olóyè, kò sí ìlà. Iṣẹ́ yìí dán mọ́rán, kò sí ẹni tó lè ya irú rẹ̀ n'Ìbàdàn. Ọ̀rọ̀ ìjókòó ló wà ńlẹ̀." Ó káwọ́ sẹ́yìn bí adájọ́. "Ẹ jẹ́ ká bá wọn parí ìjà. Ẹ ní kí ti òsì yẹn sún díẹ̀."

"Ibo ni yóò sún lọ?" Látúnjí bínú dá a lóhùn. "Ṣé ẹ ò rí i pé agbádá ti gba ibẹ̀ tán ni?"

"Kí ti ọ̀tún sún nígbà náà."

"Òun náà kò láyè!"

"Họ̀wù! Bẹ́ńṣì tó ń gba odidi ìgbìmọ̀ wa," ni Bàbá Adéòtí wí, "kò wá gba èèyàn méjì?"

Látúnjí tún awò ojú rẹ̀ ṣe. Ó wo fótò, ó wo Bàbá Adéòtí, ó wo etí Bàbá Adéòtí méjèèjì bí ẹni tí kò rí wọn rí. Ó fọwọ́ kan etí tirẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín bẹ́ lẹ́nu rẹ̀, ẹ̀rín tí wọ́n ń gbọ́ dé ọjà yẹn, gbogbo ìlú sì bá a rín in títí omi fi jáde lójú wọn.

"Ẹ gbà mí o!" ló wí nígbà tó rí èémí. "Ṣé bí mo ti ń ṣe yín nìyí? Èmi fúnra mi kò lè bá mi jókòó! Ẹ̀yin àgbà, ẹni tí kò jókòó ti ara rẹ̀ rí, kò lè mọ bí òun ti fẹ̀ tó."

Lójú ẹsẹ̀ ló ká agbádá lé èjìká, ó lọ jókòó sí ìpẹ̀kun bẹ́ńṣì, ó sì ní kí Bàbá Adéòtí gba àárín. Àwẹ̀ró ya kàlẹ́ńdà náà kí ẹ̀rín tó gbẹ lójú wọn. Ọdún yẹn ni àwọn ọmọ-ọmọ Bàbá Adéòtí kọ́kọ́ rí odidi bàbá àgbà wọn lára ògiri, àbíkẹ́yìn wọn sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún pé ta ni àlejò yìí.

Pátákó ṣì wà níta ṣọ́ọ̀bù Àwẹ̀ró títí dòní, ọ̀dà rẹ̀ ń dán. Fótò Látúnjí méjì wà nínú ilé, ó gbé e kọ́ sí ọ̀kánkán ẹnu ọ̀nà. Bẹ́ ẹ bá dé ibẹ̀, yóò ní kí ẹ wá ìlà. Ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú, ẹ ò ní rí i. Ẹ kàn jókòó sórí bẹ́ńṣì, kí ẹ ká aṣọ yín jọ, kí ẹ wo ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín bóyá etí rẹ̀ pé méjì. Nítorí ẹni tí kò jókòó ti ara rẹ̀ rí, kò lè mọ bí òun ti fẹ̀ tó. Ìwọ tó o wà lápá ibí yìí, jọ̀ọ́, sún díẹ̀.