Dókítà Hallendyke, Ẹni Tó Fi Ìṣirò Wo Aláìnílé Sàn

Bí ẹnikẹ́ni bá wà ní Harkerby wa yìí tí kò mọ̀ pé dókítà ni Lionel Hallendyke, á jẹ́ pé onítọ̀hún ò tíì bá a pàdé rí. Kó tó kí èèyàn pé ẹ káàárọ̀, á ti sọ ọ́. Ẹ má wulẹ̀ gbé ikọ́ yín lọ bá a o, torí kì í ṣe oògùn ló kọ́. Ẹyẹ etíkun ló fi gboyè. Ọdún mẹ́rin gbáko ló fi jókòó sórí àpáta tó ń ka ẹyẹ. Nígbà tó ka ẹyẹ tán, ó bọ́ sórí èèyàn.

Ìjọba ìbílẹ̀ ló pè é wá. Ìyà ti pọ̀ nílùú láti ìgbà tí iṣẹ́ ẹja pípa ti kú, àwọn kan sì wà tí ìyà tiwọn kì í ṣe ẹyọ kan. Wọn ò nílé, ọtí tàbí oògùn olóró ti mú wọn, ọkàn wọn ò balẹ̀, ọlọ́pàá sì mọ ojú wọn bí ẹní mowó. Gbogbo rẹ̀, lórí ẹnì kan ṣoṣo. Ọ́fíìsì mẹ́rin ló ń tọ́jú wọn, ọ̀kan ò sì mọ ohun tí èkejì ń ṣe. Ìjọba ní kí Hallendyke kó àkọsílẹ̀ ọ́fíìsì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀ sójú kan, kí wọ́n lè mọ àwọn èèyàn náà dáadáa, kí wọ́n sì mọ bí wọ́n ṣe máa ràn wọ́n lọ́wọ́.

Èrò tó dáa ni. Maureen Tranter dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run lọ́jọ́ tó gbọ́.

Maureen yìí ló ń fún àwọn èèyàn náà lóúnjẹ àárọ̀ nínú gbọ̀ngàn ìjọ Mẹ́tọ́díìsì tó wà ní Òpópónà Capstan. Ọdún kọkànlá rẹ̀ nìyí lẹ́nu ẹ̀. Gbọ̀ngàn náà ti bọ́ sọ́wọ́ ìjọba láti ìgbà tí ọmọ ìjọ ò ti ju mẹ́sàn-án lọ. Wọ́n kàn ń yá a lò ni. Ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́ta ni Maureen. Ó ń gbàdúrà kó tó dáná, ó ń gbàdúrà bó bá ń fọ abọ́. Ohun tí kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni ni pé láti bí ọdún méjì, àdúrà náà ń rí lẹ́nu rẹ̀ bíi lẹ́tà tó ń kọ sí ẹni tó ti kó kúrò nílé. Kò torí ẹ̀ ṣíwọ́. Àwọn èèyàn á ṣáà jẹun.

Ká padà sórí ọ̀gá ìmọ̀. Ohun àkọ́kọ́ tó ṣe ni fọ́ọ̀mù. Ìbéèrè mẹ́rìnlélọ́gọ́ta ló wà nínú ẹ̀. Ọ́fíìsì yòówù kéèyàn wọ̀, ìbáà jẹ́ ìbọ̀sẹ̀ lásán ló wá gbà, á kọ́kọ́ dáhùn gbogbo ẹ̀: ọmọ ọdún mélòó ni nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ lù ú nílé, ẹ̀ẹ̀melòó ló ti gbìyànjú láti pa ara rẹ̀, àti pé láti orí oókan dé ẹẹ́wàá, báwo ni inú rẹ̀ ṣe dùn tó. Bó bá padà wá lọ́jọ́ kejì, á tún bẹ̀rẹ̀ látorí oókan. Dípò orúkọ, wọ́n fún kálukú ní káàdì tí nọ́ńbà wà lára ẹ̀.

Kò pé oṣù mẹ́ta tí ọ́fíìsì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fi dá páropáro.

“Mo lọ gba kúbùsù,” ni Denise Outhwaite, ọ̀kan nínú àwọn tó ń jẹun ní gbọ̀ngàn náà, sọ fún Maureen, “wọ́n ń bi mí léèrè ikú ìyá mi. Mo ní kí wọ́n fi kúbùsù wọn sílẹ̀. Ó sàn kí n wà lọ́dọ̀ òtútù, òun ò bi mí ní nǹkan kan.”

Denise yìí náà ló fún Dókítà lóríkì. Tó bá ti rí i tó ń bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán pẹ̀lú kọ̀ǹpútà lábíyá, á bẹ̀rẹ̀: “A-rí-èèyàn-kà-má-rí-èèyàn-kí, Baba Fọ́ọ̀mù, Ọkọ Kọ̀ǹpútà, ó kà wá kà wá, kò gbàgbé ara ẹ̀.” Dókítà á mi orí. Ó rò pé wọ́n ń yẹ́ òun sí ni.

Ní àárọ̀ Ọjọ́ Ajé kan, ó wọ gbọ̀ngàn Maureen. Okùn ìwọ̀n ló mú dání, ó sì kọjú sí fèrèsé.

“Dókítà Hallendyke ni,” ó ní. “Ẹ káàárọ̀.”

“A ti mọ̀, ọ̀wọ́n.” Ọ̀wọ́n ni Maureen ń pe gbogbo èèyàn, látorí ọlọ́pàá títí dé orí bíṣọ́ọ̀bù. “Ẹ jókòó kí n din ẹyin fún yín.”

“Oúnjẹ kọ́ ló gbé mi wá. Ibí ni kọ̀ǹpútà ńlá máa wà. Ilé Ìmọ̀ Hallendyke. Wọ́n fẹ́ gbẹ́ ẹ sára òkúta sókè ilẹ̀kùn. Èmi kọ́ ni mo ní kí wọ́n gbẹ́ ẹ o, èmi kàn yan òkúta ni.”

Maureen gbé ṣíbí sílẹ̀. “Àwọn tó ń jẹun ńkọ́?”

“Àwọn wo?”

Ó nawọ́ sí wọn. Wọ́n tó bí àádọ́ta, wọ́n ń jẹ ẹ̀wà àti búrẹ́dì sísun, èéfín tíì ń rú lójú wọn. Dókítà wò wọ́n bí ẹni ń wo ògiri.

“Ṣé ẹ̀ ń kọ wọ́n sílẹ̀?”

“Rárá. Mo mọ̀ wọ́n ni.”

“Kò sí wọn nìyẹn.” Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. “Ìyáàfin Tranter, ìròyìn ayọ̀ ni mo mú wá. Nígbà tí mo dé ìlú yìí, ọ̀ọ́dúnrún èèyàn ló wà nínú ìṣòro. Igba nínú wọn ti yanjú báyìí.”

“Kí ló ń jẹ́ pé wọ́n yanjú?”

“Ẹni tí ọ́fíìsì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ò bá rí fún àádọ́rùn-ún ọjọ́, ó ti yanjú. Ẹni tó bá níṣòro á wá. Kò wá, kò níṣòro. Bí ìmọ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn.”

“Ọ̀wọ́n, àwo tí mò ń fọ̀ láàárọ̀ ti di ìlọ́po méjì.”

“Àwo kì í ṣe ẹ̀rí, mà. Lọ́jọ́bọ̀, aago méjì ọ̀sán, Alága ìjọba ìbílẹ̀ máa fọwọ́ sí ìwé ibí yìí ní gbọ̀ngàn ìlú. Gbogbo ìlú la pè. Tó bá di Ọjọ́ Ẹtì, ẹ bá mi kó ìkòkò yín kúrò.”

Ó wọn fèrèsé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó jáde.

“Kò wọn ẹnu ọ̀nà,” ni Denise wí, búrẹ́dì lẹ́nu. “Ibẹ̀ ló yẹ kó wọ̀n. Orí yẹn ò lè gba ibẹ̀ kọjá.”

Maureen ò lè rẹ́rìn-ín. Kò sí ibòmíràn ní Harkerby tí wọ́n ti ń dáná fún ẹni tí kò ní nǹkan kan láìbi í ní nǹkan kan. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi gbàdúrà pé kí Ọlọ́run dójú ti ọkùnrin náà. Ó tún wá ń bẹ̀rù pé bóyá ọkùnrin náà ló tọ̀nà, ó ṣáà kàwé. Lálẹ́ Ọjọ́rú, èrò mìíràn tún yọ́ wọlé sí i lọ́kàn: àbí bí Ọlọ́run náà ṣe ń ṣe nìyí? Àbí ẹni tí Kò bá ti rí nílé Rẹ̀ fún àádọ́rùn-ún ọjọ́, Ó ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó ti yanjú? Ó bá ara rẹ̀ wí, ó sì lọ rẹ ẹ̀wà.

Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, èrò kún gbọ̀ngàn ìlú. Lójú Dókítà, ìmọ̀ òun ló kó wọn jọ. Bẹ́ẹ̀, wọ́n ti kọ ọ́ sára ìwé ìkésíni pé sánwíìṣì àti tíì máa wà lọ́fẹ̀ẹ́, gbogbo oníbàárà Maureen ló sì ti kà á. Ìlà mẹ́ta gbáko ni wọ́n fi jókòó lẹ́yìn, wọ́n rọra ń jẹun. Iwájú ni àwọn olówó ìlú àti àwọn ará ọ́fíìsì wà. Kánsẹ́lọ̀ Shirley Birkett ni Alága, ìwé tó máa fọwọ́ sí ti wà nílẹ̀ níwájú ẹ̀, ó sì ti ṣí ìdérí gègé.

Dókítà sọ̀rọ̀ fún ogójì ìṣẹ́jú. Ó gbé àwòrán sára aṣọ funfun ńlá tó wà lára ògiri: ìlà pupa kan tó ń ti òkè sọ̀ kalẹ̀ bí ẹni tó yọ̀ lórí àtẹ̀gùn.

“Igba èèyàn,” ó ní. “Mo mọ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ju bí ìyá wọn ṣe mọ̀ wọ́n lọ.”

Denise dìde. Sánwíìṣì wà lọ́wọ́ ọ̀tún ẹ̀, káàdì wà lọ́wọ́ òsì.

“Alága, ẹ jọ̀ọ́. Ọgọ́ta ni nọ́ńbà tèmi. Báwo ni mo ṣe wà?”

Inú Dókítà dùn. Ó rò pé ẹ̀rí ló fẹsẹ̀ ara ẹ̀ rìn wá. Ó tẹ kọ̀ǹpútà. “Ọgọ́ta. Ó yanjú, láti oṣù kejì. Ẹ kú oríire.”

“Ẹ ṣé o. Ibi tí wọ́n ti ń dúró de bọ́ọ̀sì ni mo sùn mọ́jú. Ẹ bá mi bi kọ̀ǹpútà léèrè, ilé tí mò ń gbé báyìí, òpópónà wo ló wà? Òjò ti ṣú, mo fẹ́ tètè máa lọ.”

Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ látẹ̀yìn, ó sì ń bọ̀ níwájú. Barry Lumb, apẹja àtijọ́ tó ń fi ọ̀pá rìn, na káàdì tiẹ̀ sókè.

“Ẹ wo ogún.”

“Ogún.” Ohùn Dókítà ti rẹlẹ̀ díẹ̀. “Ó yanjú. Kò mutí mọ́.”

“Ẹ bá mi tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé,” ni Barry wí. “Ìyàwó mi ló lé mi síta nítorí ọtí. Kó rí i pé ìjọba ti sọ pé irọ́ ló ń pa.”

Ká tó ṣẹ́jú, káàdì ti kún òkè. Márùnlélógójì ńkọ́? Ó yanjú. Àádọ́rùn-ún ńkọ́? Ó yanjú. Obìnrin kan tí okùn ìdánimọ̀ ilé ìwòsàn ṣì wà lọ́rùn ọwọ́ ẹ̀ ní kí wọ́n wo tòun náà. Òun náà ti yanjú.

Alága dé gègé ẹ̀. “Dókítà, ṣé ẹnì kan tiẹ̀ wà nínú wọn tó yanjú lóòótọ́?”

Òógùn ti bo ọ̀gá. Ó ní ẹnì kan nípamọ́, ẹni tó fẹ́ fi kásẹ̀ ọ̀rọ̀ nílẹ̀. Ó gbé e jáde kíákíá.

“Nọ́ńbà Méje,” ó ní. “Òun ni ògo iṣẹ́ mi. Ọkùnrin ni, ọmọ ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta, ó ti ṣiṣẹ́ apẹja rí. Lọ́dún kan ṣoṣo, ọkọ̀ ilé ìwòsàn gbé e nígbà mọ́kànlélógójì. Ọlọ́pàá mú un nígbà mọ́kàndínlógún. Lọ́jọ́ kẹsàn-án oṣù kọkànlá, wọ́n tún pe ọkọ̀ sí i lẹ́yìn ilé iṣẹ́ oníyìnyín. Ẹ gbọ́ ohun tí àwọn ọlọ́kọ̀ kọ. ‘A dé ibẹ̀. A ò gbé e.’” Ó wo gbogbo èèyàn lójú. “Ìgbà àkọ́kọ́ tí kò nílò ilé ìwòsàn nìyẹn. Láti ọjọ́ náà, ọkọ̀ ò gbé e mọ́, ọlọ́pàá ò rí i, kò béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.”

Àwọn kan níwájú pàtẹ́wọ́. Maureen ti mọ ẹni náà kí Dókítà tó parí ọ̀rọ̀.

Denise gbé sánwíìṣì ẹ̀ sílẹ̀. “Alec nìyẹn.”

“Mi ò lè dárúkọ ẹnikẹ́ni. Àṣírí ni.”

“Èmi lè dárúkọ ẹ̀. Èmi ni mo pe ọkọ̀ yẹn. Wọn ò gbé e torí pé ó ti kú. Ọkọ̀ tó ń gbé òkú ló wá gbé e.”

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Èèyàn tó wà níwájú tí ọwọ́ ẹ̀ ṣì wà lókè fún àtẹ́wọ́ ò mọ ibi tó máa gbé e sí.

“Ṣé ẹ mọ̀, Dókítà?” ni Alága béèrè.

“Ọ́fíìsì mẹ́rin ni wọ́n ní kí n kó pọ̀. Ọ́fíìsì tó ń kọ orúkọ òkú ò sí lára wọn.”

“Mélòó nínú igba yẹn ló ti kú?”

Dókítà wo kọ̀ǹpútà. Kọ̀ǹpútà náà ń wò ó.

“Mẹ́rin, ọ̀wọ́n,” ni Maureen wí látẹ̀yìn. Kò mọ ìgbà tó dìde. “Mo wà níbi ìsìnkú wọn. Alec Stobbart ló kẹ́yìn. Àwa mẹ́fà la sin ín.”

Alága ya ìwé iwájú ẹ̀ sí méjì. “Gbọ̀ngàn Capstan ò lọ síbì kankan. Oúnjẹ àárọ̀ ń bá a lọ, a ó sì wá jókòó síbẹ̀, ká béèrè ohun tí Ìyáàfin Tranter mọ̀. Dókítà, ẹ yọ Nọ́ńbà Méje kúrò lára àwọn tó yanjú, níwájú gbogbo wa.”

“Kò ṣeé ṣe. Ibi méjì ló wà nínú ẹ̀rọ náà: ó níṣòro, ó yanjú.”

“Ẹ kọ orúkọ ẹ̀ dípò nọ́ńbà, nígbà náà.”

Ó tẹ A. Ọ̀rọ̀ pupa ńlá yọ lára aṣọ funfun: NỌ́ŃBÀ NÌKAN. Ó tún tẹ̀ ẹ́. NỌ́ŃBÀ NÌKAN. Ẹ̀ẹ̀kẹta. Ẹ̀rín tún bẹ̀rẹ̀, àmọ́ kò dà bíi ti àkọ́kọ́. Àwọn tó wà níwájú ni wọ́n ń rín in lọ́tẹ̀ yìí.

Akọ̀wé fún un ní bébà kan. Ó fọwọ́ gbá àpò ẹ̀ kiri, kò ní bírò. Maureen mú pẹ́ńsùlù tirẹ̀ lọ bá a. Ìtìjú tó tọrọ lọ́wọ́ Ọlọ́run nìyí, ó sì rò pé ó máa dùn ju báyìí lọ. Ọkùnrin náà ṣì ń wá bírò nínú àpò. Ó fi pẹ́ńsùlù lé e lọ́wọ́ jẹ́jẹ́.

Dókítà kọ orúkọ náà. “Kí ni kí n kọ síwájú ẹ̀?”

“Ẹ kọ ọ́ pé ó kú,” ni Denise wí.

Ó kọ ọ́.

“Ẹ kà á sókè,” ni Alága wí.

Dókítà kà á.

“A ò gbọ́ lẹ́yìn níbí,” ni Barry wí.

Ó tún un kà.