Àdúrà Tí Mo Gbà fún Ọ̀gá

Ọjọ́ kan wà tí mi ò lè gbàgbé bó ti wù kí n dàgbà tó: ọjọ́ tí mo fi Hausa mi gbàdúrà fún ọ̀gá wa ní Maiduguri, tí gbogbo ọ́fíìsì sì ṣe àmín sí i.

Agùnbánirọ̀ ni mí nígbà náà. Àdúgbò Bolori ni mò ń gbé, ọ́fíìsì wa sì wà nítòsí Post Office. Àwa mẹ́sàn-án la wà nínú yàrá ńlá kan, fáànù mẹ́ta ń bẹ lókè orí wa, ọ̀gá nìkan ló sì láṣẹ láti tan wọ́n. Wọ́n ní fáànù máa ń mú òṣìṣẹ́ sùn. Nínú oòrùn Maiduguri o. Ẹ̀rọ amúlétutù wà ní yàrá tiwọn, oorun ò sì gbé wọn lọ rí. Rẹ́rìn-ín, wọ́n á fún ẹ ní kúèrì. Pẹ́ ní ṣálánga, kúèrì. Láàárín ara wa, Zafi là ń pè wọ́n, ìyẹn ooru lédè Hausa. Tí wọ́n bá ti ń bọ̀, ẹnì kan á nu ojú, á ní "zafi ya zo", ooru ti dé, oníkálukú á dojú kọ fáìlì rẹ̀. Ta ló máa fura sí ẹni tó ní ooru dé ní Maiduguri?

Lẹ́tà ni wàhálà tèmi. Oṣù tí mo máa parí ìsìn ìlú nìyẹn, ọ̀gá sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí lẹ́tà ìkẹyìn mi. Bí mi ò bá fi sílẹ̀ ní ọ́fíìsì àwọn agùnbánirọ̀ kó tó di aago méjìlá ọ̀sán ọjọ́ náà, wọ́n á fi oṣù kún oṣù fún mi. Ọjọ́ kẹta rèé tó ti wà nínú dúróà wọn, nítorí pé wọ́n gbọ́ ẹ̀rín mi. Bẹ́ẹ̀, màmá mi ti sọ fún gbogbo ará ilé ní Ìlobùú pé mò ń bọ̀.

Ìyá Bísí, ìyàwó ṣọ́jà tó ti pẹ́ ní bárékè, ló jókòó tì mí. Wọ́n ní kí n lọ fi gẹ̀ẹ́sì bẹ̀bẹ̀ jẹ́jẹ́. Mo ní rárá, Hausa ni màá fi mú wọn. Ṣé èmi tí mò ń fi Hausa ná owó kẹ̀kẹ́ láràárọ̀? Nígbàkigbà tí mo bá ṣe èèyàn lóore, wọ́n máa ń sọ fún mi pé, "Allah ya jikan mahaifa." Mo mọ̀ pé òbí ni mahaifa. A jẹ́ pé "bùkún fún" ni jikan. Mi ò bi ẹnikẹ́ni. Ọlọ́gbọ́n ọmọ ni mí.

Ní aago mẹ́wàá, ẹnì kan nu ojú, ó ní zafi ya zo. Gbogbo wa dìde. Bí ọ̀gá ti mú rẹ́jísítà, mo bọ́ síwájú, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo sì gbé ohùn sókè: "Ranka ya dade," ìyẹn kí ẹ̀mí ọ̀gá gùn. "Allah ya jikanka."

"Àmín," ni àwọn mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ dáhùn.

Ẹni tó bá gbé ìlú yẹn á mọ̀ pé kó o tó pe "Allah ya" tán, àmín ti jáde lẹ́nu èèyàn. Ìyá Bísí fa ẹ̀wù mi lẹ́yìn.

"Kọ́pà, òkú ni wọ́n ń gba àdúrà yẹn fún. O ní kí ilẹ̀ dẹ̀ fún wọn ni yẹn."

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, mo fẹ́ sọ pé "yi hakuri", ẹ jọ̀ọ́, ṣùgbọ́n "sai an jima" ló bọ́ lẹ́nu mi, ìyẹn ó dìgbà kan ná. Mo sin ọ̀gá tán, mo tún ń kí wọn pé ó dàbọ̀.

Ọ̀gá wo ojú àwọn mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ lọ́kọ̀ọ̀kan. "Wa ya ce amin?" Wọ́n ń bèèrè ẹni tó ṣe àmín. Oníkálukú ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo rí òógùn níwájú orí wọn. Wọ́n wọlé, wọ́n tilẹ̀kùn. Ẹ̀rù bà mí dé ọkàn, mo ti gbà pé Bolori ni màá ti ṣe ọdún tó ń bọ̀.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí aago mọ́kànlá lù, wọ́n ránṣẹ́ pè mí. Lẹ́tà mi wà lórí tábìlì, wọ́n ti fọwọ́ sí i. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi bá mi sọ̀rọ̀: kí n máa lọ, kí n má sì gbàdúrà fún àwọn mọ́ láéláé. Mo ti dé ẹnu ọ̀nà kí wọ́n tó tún fi ohùn jẹ́jẹ́ bi mí pé àwọn mélòó gan-an ló ṣe àmín yẹn. Mo lè parọ́ o.

"Gbogbo wọn ni, sà."

Mo ṣì ń kó ẹrù mi nígbà tí fáànù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Ìyá Bísí kàn gbé ojú sókè, wọ́n tú gèlè wọn.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti kọ́ láti máa bèèrè ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ kí n tó fi ṣakọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín máa ń pa mí tí mo bá rántí rẹ̀: nínú gbogbo àdúrà tí mo ti fi òótọ́ inú gbà láyé mi, èyí tí mo ṣì gbà ló tètè gbà jù.