Ọjọ́ Tí Abórìṣàdé Wẹ Ẹ́ńjìnnì

Àrùn kan ṣoṣo ló ń ṣe Abórìṣàdé fọgánáísà: kò lè ra nǹkan tuntun kó má pe èèyàn wá fi ọtí wẹ̀ ẹ́. Ayé owó epo rọ̀bì nìyẹn, àsìkò tí ìjọba fi owó Údójì kún owó oṣù, tí gbogbo Ìsọlọ̀ ń da bíà sórí mọ́tò tuntun. Abórìṣàdé ò ní mọ́tò, ó bá wẹ rédíò. Ó wẹ aago ara ògiri. Nígbà tó ra bẹ́ẹ̀dì, a wẹ òun náà, ni ìyàwó ẹ̀, Ìyá Kúnbi, bá ń sùn nílẹ̀ títí fóòmù fi gbẹ.

Ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ wà lójú ọ̀nà tí àwọn lọ́rì ń gbà lọ sí àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá. Ibi tó dáa ni, àmọ́ ẹ́ńjìnnì tó ń yí ẹ̀rọ tó fi ń fẹ́ táyà ti gbó kọjá sísọ. Wọ́n ní ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Ẹ́ńjìnnì Abórìṣàdé tó gbó, èéfín ló bù sí tiẹ̀. Bó bá ti fà á báyìí, gbogbo àdúgbò á máa wúkọ́.

Ọ̀gá Ọládòṣù, máníjà tó ń bójú tó lọ́rì ilé-iṣẹ́ kan tó ń ṣe bùláńkẹ́ẹ̀tì, wá sọ fún un pé bó bá lè pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì yẹn, ọ̀dọ̀ ẹ̀ ni gbogbo lọ́rì àwọn á máa wá. Bí kò bá lè ṣe é, Fákúnlé, fọgánáísà kejì tó wà níwájú, ló ni iṣẹ́. Iṣẹ́ tó lè fi kọ́lé ni o.

Ni Abórìṣàdé bá kó gbogbo ohun tó ní, ó fi owó àjọ Ìyá Kúnbi kún un, ó ra ẹ́ńjìnnì tuntun tó ṣì wà nínú páálí. Àyàntúndé mẹkáníìkì tú ti àtijọ́ dànù, ó de tuntun mọ́lẹ̀, ó fi bẹ́líìtì kọ́ ọ. Nígbà tó ń lọ, ó kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má fà á o, iṣẹ́ ṣì kù, òun ń bọ̀ wá parí ẹ̀ lọ́la.

Lọ́la kẹ̀? Abórìṣàdé ti lọ pe Ọ̀gá Ọládòṣù pé kó wá bá wọn wẹ̀ ẹ́ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà gan-an. Àgbà ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ la fi ń pa àmúkùrù tó bà lé ni lẹ́pọ̀n. Abórìṣàdé tiwa gbé òòlù.

Bó ṣe wọ léèsì funfun dé àárín táyà nìyẹn. Bíà wà, ṣínáàpù wà. Àlàájà Sàfúrátù, onílé wa, ò mu ọtí, wọ́n fún un ní mọ́ọ̀tì. Èmi náà mu, n ò ní purọ́ fún yín. Abórìṣàdé ní láti ọjọ́ náà lọ, Fákúnlé á padà sí oko bàbá ẹ̀. Ó ṣàdúrà, ó da ṣínáàpù lé ẹ́ńjìnnì lórí, àwa náà da bíà tiwa tẹ̀lé e, nǹkan ọ̀hún ń hó.

Ibẹ̀ ni Ọ̀gá Ọládòṣù bá wa, pẹ̀lú lọ́rì kan tí táyà ẹ̀ ti jò. Abórìṣàdé fa okùn ẹ́ńjìnnì. Kò dún. Ó tún fà á, léèsì ya láti abíyá dé ìdí, síńgílẹ́ẹ̀tì tó ti dà bí asẹ́ yọjú síta. Ìyá Kúnbi ní kó jọ̀ọ́, kó dúró de Àyàntúndé. Ọkọ ẹ̀ ní kí ló kan obìnrin nínú ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì. Ó yọ púlọ́ọ̀gì tí bíà ti rẹ, ó fi fìlà ẹ̀ nù ún, ó dá a padà, ó tún fa okùn.

Ẹ́ńjìnnì dáhùn. Ariwo ẹ̀ dùn, a pàtẹ́wọ́. Abórìṣàdé gorí táyà kan.

"Ọ̀gá, ṣé ẹ ń gbọ́ ọ? Ẹ ò gbọ́ irú ẹ̀ rí."

Kò tíì sọ̀ kalẹ̀ tí ohùn ẹ́ńjìnnì fi yí padà. Ó ń han bí ẹni tí gààrí há lọ́fun, ó dún gbàgà, ó dákẹ́. Abórìṣàdé fa okùn títí, okùn ò wá, gbogbo ẹ̀rọ ló ń yí tẹ̀lé e lórí táyà ẹsẹ̀ ẹ̀ bí ewúrẹ́. Ẹ̀rín pa wá.

Ọ̀gá Ọládòṣù gbé ìgò ọwọ́ ẹ̀ kalẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀, ó fa irin tí wọ́n fi ń wo ọ́ìlì yọ. Irin náà gbẹ, ó ń dán.

"Kí lo dà sí nǹkan yìí?"

"Ṣínáàpù ni, sà. Ojúlówó."

"Orí ẹ̀ nìyẹn. Inú ẹ̀ ńkọ́?"

Abórìṣàdé wo ojú wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwa náà ń wo ilẹ̀. Ìyá Kúnbi jókòó sórí táyà, ó bú sẹ́kún. Ọ̀gá Ọládòṣù sọ fún dírẹ́bà pé kó máa wa lọ́rì lọ sọ́dọ̀ Fákúnlé. Abórìṣàdé sáré tẹ̀ lé ọ̀gá, ó ń fọwọ́ kan di léèsì mú, ó ń bẹ̀bẹ̀ pé kó jọ̀ọ́, kó sọ ohun tí òun ò ṣe fún ẹ́ńjìnnì náà.

"Gbogbo wa lo fún ní nǹkan mu," ni ọ̀gá wí. "Ẹni tó ni ìnáwó lo gbàgbé."