Dókítà Tó Fọ Òkúta Ìsàlẹ̀ Ayé

Ní ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù Karùn-ún ọdún 1970, àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Sófíẹ́tì bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ihò kan ní Kólà, níhà àríwá Rọ́ṣíà. Nígbà tó fi máa di 1989, ihò náà ti jìn ju kìlómítà méjìlá lọ. Síbẹ̀, wọn ò dé ìdajì èèpo ayé. Mo yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mejì.

Dókítà Túnjí Adégbẹ̀san ní òun ti dé ìsàlẹ̀ rẹ̀ pátápátá.

Ó wà lára káàdì tó ń pín lẹ́nu ọ̀nà: "Arínú-Ayé-Bí-Ẹni-Wo-Dígí, Baálẹ̀ Abẹ́ Ilẹ̀." Mo bi í pé ta ló fi baálẹ̀ yẹn jẹ. Ó fún mi ní káàdì kejì.

Sátidé kan nínú oṣù Keje ni, nínú gbọ̀ngàn kan ní Oníkàn. Ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò kan ní Ìsàlẹ̀ Èkó fẹ́ rán ènìyàn kan lọ sí yàrá ìwádìí kan nílẹ̀ Jámánì fún ọdún kan gbáko, kó lọ parí ìwádìí lórí òkúta kan tó ti ìsàlẹ̀ ayé wá. Àyè ẹnì kan péré ló wà. Ìwé ìpinnu wọn sì sọ ọ́ kedere: ẹni tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe iṣẹ́ òkúta náà ni yóò lọ.

Ènìyàn méjì ló ń bá iṣẹ́ náà rìn. Dókítà ni olùkọ́. Ganiat, ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó, ni akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀. Ganiat ló lọ mú òkúta náà wá láti ìhà Jọ́ọ̀sì, ó sì lo oṣù mẹ́jọ nínú yàrá ìwádìí lórí rẹ̀. Èsì àkọ́kọ́ ti dé láti Jámánì, ó dára, ṣùgbọ́n ìdajì iṣẹ́ ló ṣì kù, ẹ̀rọ tó lè parí rẹ̀ kò sì sí nítòsí. Bí kò bá rí àyè yìí, ibi tí ìwé rẹ̀ máa dúró sí nìyẹn.

Dókítà ní tirẹ̀ ti ra kóòtù òtútù. Ó wọ̀ ọ́ wá. Nínú oṣù Keje, ní Oníkàn, fáànù méjì nínú mẹ́fà ló ń ṣiṣẹ́.

"Mo fẹ́ kó mọ́ mi lára ni," ló wí, ó sì nu ojú.

Ó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Ó ní òkè tó ń yọ iná láyé àtijọ́ ló gbé òkúta náà gòkè wá láti ìsàlẹ̀ èèpo ayé. "Kálísíọ́mù tó wà nínú eegun yín náà ló wà nínú rẹ̀," ló ń kà lára ògiri tí ẹ̀rọ ń tan ìwé iṣẹ́ náà sí. "Òmíràn fúyẹ́, òmíràn wúwo díẹ̀. Níbi tí ooru ti ń se òkúta, àwọn méjèèjì kì í pín dọ́gba. Ẹni tó bá wọ̀n bí wọ́n ṣe pín yóò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ níbi tí ẹsẹ̀ ènìyàn ò lè dé."

Àlàyé gidi ni. Ganiat ló kọ ọ́.

Lẹ́yìn náà ló kan ìlà kan tí wọ́n fi pupa kọ: "Bí kálísíọ́mù ìta bá kan òkúta yìí, bó ti wù kó kéré tó, èsì ti bàjẹ́." Ohùn Dókítà dùn bó ṣe ń kà á. Ó jọ pé gbogbo wa la gbọ́ ọ àfi òun.

Ojú ìwé tó gbẹ̀yìn ni orúkọ Ganiat wà, lábẹ́ "Àwọn Tó Bá Wa To Àga."

Alhaji Fàtáì, alága ẹgbẹ́, fa gègé yọ. Ọgbọ̀n ọdún ni wọ́n fi ṣe akọ̀wé kóòtù ní Ìgbóṣéré, wọn kì í sì kọ ohun tí wọn ò gbọ́.

"Dókítà, ẹ fẹnu ara yín sọ ọ́. Ta ló lọ òkúta náà kúnná?"

"Èmi ni, sà."

"Ta ló fọ̀ ọ́?"

"Èmi náà ni. Ọwọ́ ọ̀tún yìí."

"Kí wá ni Ganiat ṣe?"

"Ó ń po tíì. Ọmọ dáadáa ni, sà. Tíì rẹ̀ máa ń gbóná."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ganiat ń wo ilẹ̀. Alhaji Fàtáì kọ "tíì" sílẹ̀.

Alhaja Mariyah nawọ́ sókè. Ilé wọn fara ti ilé Dókítà ní Ìta Fájì. "Ẹ dákun, omi wo lẹ fi fọ̀ ọ́?"

Inú Dókítà dùn. Ẹni tó ń purọ́ fẹ́ràn kí wọ́n bi í ní nǹkan kékeré.

"Ìbéèrè ọlọ́pọlọ nìyẹn, mà! Omi bọ̀hóòlù ilé mi ni. Mi ò fọkàn tán omi ẹlòmíràn. Mo tún sè é nínú kẹ́tùlù mi, lẹ́ẹ̀mẹta, kó lè mọ́ tónítóní."

"Bọ̀hóòlù Ìta Fájì?"

"Òun gan-an!"

"Tó máa ń mú funfun dì sínú kẹ́tùlù? Tó jẹ́ pé ọbẹ ni gbogbo wa fi ń ha á?" Wọ́n yíjú sí Ganiat. "Ọmọ mi, kí là ń pe funfun yẹn nínú ìwé?"

Ganiat dìde. Ohùn rẹ̀ kò ròkè.

"Kálísíọ́mù ló pọ̀ jù nínú ẹ̀, mà."

Ẹ̀rín bú láti ẹ̀yìn, ó dé iwájú. Ẹnì kan ní kí wọ́n gbé kẹ́tùlù náà lọ sí Jámánì dípò Dókítà.

"Ẹ fara balẹ̀," ni Alhaji Fàtáì wí. "Dókítà, bó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ fọ̀ ọ́, èsì ti bàjẹ́, ẹnikẹ́ni ò ní lọ. Bí èsì bá dára, ẹ̀yin kọ́ lẹ fọ̀ ọ́. Èwo ni kí n kọ?"

Dókítà bọ́ kóòtù. Òógùn ti mú ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn lára.

"Èsì... èsì dára, sà."

"Ta ló fọ̀ ọ́?"

"Ṣé ẹ rí i, tí a bá ní fífọ̀, ó lójú tí a fi ń—"

"Dókítà."

"Ganiat ni."

"Omi wo lo lò, Ganiat?"

"Omi tí wọ́n ti fi ẹ̀rọ yọ gbogbo nǹkan inú ẹ̀ kúrò, sà. Inú ike nìkan la máa ń gbé e sí."

"Ta ló lọ̀ ọ́?"

"Èmi ni, sà."

Alhaji Fàtáì wo Dókítà. Dókítà mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Alhaji fa igi lé orúkọ kan, wọ́n kọ òmíràn, wọ́n sì ti ìwé náà síwájú Ganiat pé kó fọwọ́ sí i. Ìyá kan bá a di ìwé náà mú, ó sì fọwọ́ sí i. Àtẹ́wọ́ bẹ̀rẹ̀.

Dókítà ń ká kóòtù rẹ̀ láìyára. Alhaja Mariyah súnmọ́ ọn, wọ́n sì bi í pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó fẹ́ mọ̀ ní tòótọ́:

"Ẹ má bínú o, Dókítà. Kí wá niṣẹ́ yín gan-an níbẹ̀?"