Kọ̀ǹpútà Tí Kò Mọ̀ Ju "Bẹ́ẹ̀ Ni" Lọ

Ọjọ́ kan wà tó jẹ́ pé bí mo bá rántí rẹ̀, ojú á tún tì mí, ẹ̀rín á sì pa mí. Olùkọ́ kọ̀ǹpútà ni mí ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Ìlaró, lásìkò tí ìjọba ti bọ́dà pa. Kọ̀ǹpútà àtijọ́ tí a fi ń ṣe káàdì èsì ìdánwò bá kú. Kútọnu ni ẹni tó ń tún un ṣe ti ń ra ẹ̀yà ara rẹ̀, ọ̀nà Ìdí-Ìrókò ò sì ṣeé gbà mọ́.

Mo ní kò burú. Mo yọ dísìkì rẹ̀, mo kó gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ sórí láptọ́ọ̀pù mi, mo wá ètò kan tó ń ṣe bíi kọ̀ǹpútà mìíràn nínú láptọ́ọ̀pù, arúgbó yẹn bá jí síbẹ̀. Wàhálà kan ló kù: bó bá ti tẹ káàdì kan, á béèrè ìbéèrè, ẹnì kan gbọ́dọ̀ jókòó tì í kó máa dáhùn. Ọ̀lẹ bíi tèmi? Mo kọ àṣẹ kékeré kan, mo so ó mọ́ ètò náà: ìbéèrè yòówù tó bá yọ, kó dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Mi ò dán an wò. Ṣebí ọ̀gá ni mí.

Lọ́jọ́ tí àwọn òbí wá gba èsì, mo tẹ bọ́tìnì níwájú wọn. Káàdì Abíọ́dún, tí orúkọ rẹ̀ ṣáájú nínú ìwé orúkọ, jáde. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ìkejì jáde: Abíọ́dún. Ìkẹta: Abíọ́dún. Kọ̀ǹpútà ń béèrè bóyá kí òun tún un tẹ̀, àṣẹ mi sì ń fi ọ̀wọ̀ dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Abíọ́dún yìí gan-an ló gbẹ́yìn kíláàsì.

Bàbá rẹ̀, àgbẹ̀ kan láti Ijoun, dìde.

"Tíṣà, a ti gbọ́! Ṣé gbogbo Yewa ló máa gba tiẹ̀ ni?"

Ẹ̀rù bà mí, mo ṣi bọ́tìnì tẹ̀. Kọ̀ǹpútà béèrè bóyá kí òun pa gbogbo máàkì táàmù yẹn rẹ́. Kí n tó mí kanlẹ̀, àṣẹ mi ti dá a lóhùn.

Pírínsípà wa, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá, wò mí. "Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Màmá, ó… ó gbọ́ràn jù ni, mà."

Wọn ò bá mi jà. Wọ́n ní kí a lọ kó ìwé máàkì tí olùkọ́ kọ̀ọ̀kan fi ọwọ́ kọ wá. Gbogbo wa mú bírò, a bẹ̀rẹ̀ sí í kọ káàdì lábẹ́ igi máńgòrò. Bàbá Abíọ́dún, tí ohùn rẹ̀ já gaara, ló ń bá wa pe orúkọ. Orúkọ ọmọ rẹ̀ ló kọ́kọ́ kàn, ó ní, "Ẹ fo èyí, tiẹ̀ ti pọ̀ nílẹ̀!" Ẹ̀rín sọ.

Látọjọ́ náà, mi ò jẹ́ fi àṣẹ lé ẹ̀rọ lọ́wọ́ láìjẹ́ pé mo kọ́kọ́ dán an wò níbi tí òbí kankan ò sí. Mo sì tún àṣẹ yẹn kọ, mo kọ́ ọ ní "rárá". Ìgbà àkọ́kọ́ tó kọ̀ láti bá mi tẹ káàdì kan lẹ́ẹ̀mejì, mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi.