Òṣèré Mi Tí Wọ́n Mú Bí Olè ní Ìbà

Ọjọ́bọ̀ kan wà tí kò tíì kúrò lọ́kàn mi, bí mo sì ṣe ń kọ èyí, inú ṣì ń bí mi. Inú ń bí mi sí àwọn ará àdúgbò kan ní Ìbà, ó ń bí mi sí ara mi, ó tún ń bí mi sí tẹlifíṣàn ògbólógbòó kan tí kò tilẹ̀ ṣiṣẹ́ mọ́.

Oníròyìn rédíò ni mí. Ó ti lé lọ́dún mẹ́tàdínlógún tí mo ti ń gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ kiri láti Ọ̀jọ́ títí dé Ìjànìkin, tí mò ń bi àwọn èèyàn léèrè ohun tí ojú wọn rí. Ọjọ́ mẹ́fà lọ́sẹ̀, ilé iṣẹ́ ló ni mí. Àmọ́ fíìmù lọkàn mi wà, fíìmù kékeré oníṣẹ́jú mẹ́wàá tí èèyàn ń fi kámẹ́rà àyálò àti ẹ̀bẹ̀ ṣe. Àkókò tó bá ṣẹ́kù lẹ́yìn iṣẹ́ ni mo fi ń ṣe é. Bí kò bá sì ṣẹ́kù, mo máa ń jí i.

Múfú, tó ń tún fíríìjì ṣe ní Òkòkómáíkò, ni òṣèré mi. Òun náà kì í ráyè àfi láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, nígbà tí àwọn ṣọ́ọ̀bù bá ṣì wà ní títì nítorí ìmọ́tótó ọjà. Torí náà, mo sọ fún olóòtú ìròyìn wa, obìnrin tí gbogbo wa ń pè ní Mọ̀mí, pé mò ń lọ sí Ìyànà-Ìbà láti bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sọ̀rọ̀ lórí owó ilé. Irọ́ ni. Inú àdúgbò kan ní Ìbà ni mo yà sí.

Fíìmù náà dá lórí ọkọ kan tó fẹ́ jí tẹlifíṣàn ilé ara rẹ̀ lọ tà ní Àlàbà kí ìyàwó rẹ̀ tó ti ọjà dé. Ó máa gba ojú fèrèsé jáde, ó máa fi aṣọ wé e, ó máa gbé e rù, ó máa sá. Ìran kan péré ló kù tó le, òun náà sì nìyẹn.

Gbogbo ẹni tó ń ṣe fíìmù lágbègbè wa ló mọ̀ pé èèyàn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lọ kí alága ẹgbẹ́ onílé, kí ó jẹ́ kí àdúgbò gbọ́. Èmi náà mọ̀. N kò lọ. Ìdí ni pé bí wọ́n bá ti gbọ́, gbogbo wọn á wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n á wá dúró lẹ́nu géètì, wọ́n á máa wo kámẹ́rà. Nínú fíìmù tí mo ṣe ṣáájú, níbi tí ìyá kan ti ń sunkún ọmọ rẹ̀, bàbá kan ń juwọ́ lẹ́yìn rẹ̀ sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó wà ní Kùtọ́nu. Mo ní mi ò ní gba irú ìyà bẹ́ẹ̀ mọ́. Ẹni tó ni ilé nìkan ni mo sọ fún, òun náà sì ti lọ síbi iṣẹ́. Mo jókòó sẹ́yìn mọ́tò mi, mo yọ ojú kámẹ́rà níbi gíláàsì, mo sì ti kìlọ̀ fún Múfú pé ohunkóhun tó bá ṣẹlẹ̀, kó má jáde nínú ipa rẹ̀ àfi bí mo bá pariwo pé, “Ó tó.”

Múfú gba ojú fèrèsé jáde pẹ̀lú tẹlifíṣàn lórí. Ìyá Kẹ́mi, tó ń sá aṣọ sóòrùn nílé kejì, bi í jẹ́jẹ́ pé ta ló ń wá. Múfú kò fèsì, òṣèré tòótọ́ ni. Ó wò ó bí ẹni tí ẹ̀rí ọkàn ń jẹ, ó sì ki eré mọ́lẹ̀. Ìyá Kẹ́mi ké olè. Kí n tó mí, àwọn ọkùnrin mẹ́fà ti jáde nínú ilé mẹ́rin, ọ̀kan pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín lẹ́nu.

Ibi tí ìtìjú mi wà nìyí: inú mi dùn. Mo ní lọ́kàn mi pé irú ìran báyìí, ogún òṣèré kò lè ṣe é fún mi. Mo ń tẹ̀lé wọn pẹ̀lú kámẹ́rà títí wọ́n fi yà ní kọ̀nà, ìgbà náà ni “Ó tó” tó wá sí mi lẹ́nu. Ta ni yóò gbọ́ ọ? Mo fẹ́ bọ́ sílẹ̀, ilẹ̀kùn kò ṣí. Èmi fúnra mi ni mo ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn pa nítorí ọmọ mi, tó fi jẹ́ pé ìta nìkan ni wọ́n ti lè ṣí i. Ọkùnrin tó ní ikùn bíi tèmi ní láti gba orí jíà kọjá síwájú. Ṣòkòtò mi ya nídìí.

Nígbà tí mo fi débẹ̀, wọ́n ti fi Múfú jókòó sórí ilẹ̀ nínú ọgbà Bàbá Alága, ètè rẹ̀ ti wú. Ó ti gbìyànjú láti ṣàlàyé pé ọ̀gá òun ló rán òun, pé ọ̀gá náà wà nínú mọ́tò. Ìyẹn ló tún bà á jẹ́, wọ́n ní ẹgbẹ́ olè tó ní ọ̀gá àti mọ́tò kì í ṣe ẹgbẹ́ kékeré. Ẹnì kan rí káàdì ilé iṣẹ́ lọ́rùn mi, ó ní kí wọ́n yà fún oníròyìn. Fóònù mi sì dún. Mọ̀mí ni. Ó ní olùgbọ́ wa kan ti pè, pé wọ́n mú olè ní Ìbà, pé èmi ni mo sún mọ́ ibẹ̀ jù, kí n gba ọ̀rọ̀ àwọn tó ṣojú wọn fún ìròyìn aago méjìlá.

Bí mo bá jẹ́wọ́, wọ́n lè lù mí mọ́ Múfú, iṣẹ́ mi sì lè lọ. Mo ṣe ohun tí mo mọ̀ ọ́n ṣe. Mo tan ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀, mo sọ fún ara mi pé mo fẹ́ fi pẹ̀tù sí wọn nínú ni.

Ìyá Kẹ́mi ní, “Ojú mi báyìí ni mo fi rí i, ìbọn wà lábẹ́ aṣọ tó fi wé tẹlifíṣàn.” Ẹni tó ń fọ eyín ní àwọn márùn-ún ni wọ́n, mẹ́rin ti sá wọ jíìpù dúdú. Ó ní òun rí ọ̀gá wọn dáadáa, ó ga, ó dúdú, ó ní irùngbọ̀n. Èmi rèé, kúkúrú, pupa, àgbọ̀n mi dán bí àwo. Ẹnì kẹta ní Múfú kan náà ló jí bátìrì mọ́tò òun lọ́dún tó kọjá. Mo fẹ́ gbá wọn létí lọ́kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n ohùn yẹn gan-an, “ojú mi báyìí,” ni mo ti fi jẹun fọ́dún mẹ́tàdínlógún.

Ẹnì kan wá ń yí táyà bọ̀ láti ìta. Múfú gbójú sókè wò mí, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ṣé kò tíì tó ni?”

Mo ní, “Ó tó. Èmi ni ọ̀gá tó ń sọ. Fíìmù ni à ń ṣe.”

Wọn kò gbà. Ẹni tó ń fọ eyín tì mí sẹ́yìn, ó ní, “Ẹ fi oníròyìn yìí sílẹ̀, ó fẹ́ gba olè sílẹ̀ ni. Ṣé mi ò ní ọ̀gá wọn ga ni?” Mo ń bẹ wọ́n kí wọ́n gbà pé èmi ni ọ̀gá olè, wọ́n ń bẹ mí kí n lọ jókòó. Bàbá Alága, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, ló ní kí wọ́n bá mi lọ mú kámẹ́rà wá. Wọ́n wò ó. Wọ́n rí Múfú, wọ́n rí tẹlifíṣàn, wọn kò rí ìbọn, wọn kò rí jíìpù. Táyà dúró síbi tó wà. Ẹni tó ni bátìrì ní òun kàn ní ó jọ ọ́ ni. Ìyá Kẹ́mi wo ara rẹ̀ nínú kámẹ́rà, ó ní, “Ìró ìdí yìí lẹ fi gbé mi sínú fíìmù? Ẹ ò lè sọ fún èèyàn kó múra?”

Bàbá Alága kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, “O kò sọ fún wa, ẹ̀bi nìyẹn. Ṣùgbọ́n o wọlé, o rí i nílẹ̀, o tún ń gbohùn sílẹ̀. Ta lò ń gbà á fún?”

Mo pe Mọ̀mí, mo sọ gbogbo rẹ̀. Ó bi mí bóyá ohùn àwọn ẹlẹ́rìí wà lọ́wọ́ mi, mo ní ó wà. Ó bi mí bóyá òótọ́ kankan wà níbẹ̀, mo ní kò sí. Ó ní kí n máa bọ̀ wá gba kúérì mi, ìwé tí n ó fi wí tẹnu mi. Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fi dá mi dúró.

Bí mo ṣe ń gbé Múfú lọ sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì, aago méjìlá lù. Lórí rédíò mọ́tò mi, ilé iṣẹ́ mìíràn ní ọwọ́ ti tẹ ọ̀kan nínú àwọn adigunjalè márùn-ún ní Ìbà, ọ̀gá wọn, ọkùnrin gíga kan, sì ti na pápá bora. Múfú rẹ́rìn-ín títí ètè rẹ̀ fi tún ṣẹ̀jẹ̀. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ní ẹ sá lọ.” N kò lè bá a jiyàn. Fún odidi ìdajì wákàtí, mo dúró níwájú rẹ̀, síbẹ̀ mo ti sá lọ.

Ní báyìí, bí ẹlẹ́rìí bá ní ojú òun báyìí, mo máa ń ní kó mú mi lọ síbi tó dúró sí. Mi ò sì tún fi kámẹ́rà pa mọ́ fún àdúgbò kankan. Kí wọ́n máa juwọ́ sí gbogbo ẹbí wọn. Múfú ti dárí jì mí, àmọ́ ó ní láti ìsinsìnyí lọ, ipa tí òun á ti máa jókòó nìkan ni òun á máa ṣe. Inú ṣì ń bí mi, ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń kọ fíìmù tuntun fún ọkùnrin tí kò ní dìde lórí àga títí yóò fi parí, ẹ̀rín ló ń pa mí.