Ọjọ́ Tí Mo Di Ejò Abìyẹ́ ní Jẹ́dà

Ọjọ́ tí mo wọ aṣọ òrìṣà àwọn ará Mẹ́síkò ní Jẹ́dà ò lè kúrò lọ́kàn mi, bó tilẹ̀ wù mí kó kúrò. Olùkọ́ ìtàn ni mí nígbà náà ní ilé ìwé àdáni kan tí àwọn ọmọ àjèjì ń lọ. A fẹ́ ṣe ayẹyẹ àṣà oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè, Mẹ́síkò ló sì bọ́ sọ́wọ́ kíláàsì mi. Ọ̀gá wa, obìnrin ará Lẹ́bánọ́nì kan, bi mí bóyá mo mọ ìtàn àtijọ́ wọn. Ìkámà mi, ìwé àṣẹ ìgbélùú mi, máa tó parí, òun ló sì máa sọ bóyá kí wọ́n tún un ṣe. Mo ní kó fi í lé mi lọ́wọ́, mo ṣèlérí pé màá múra bí òrìṣà wọn tó jẹ́ ejò.

Mo ti ka ìwé díẹ̀ nípa Kẹtisakóátì, ejò abìyẹ́ tí wọ́n ní ó ń fi afẹ́fẹ́ gbá ọ̀nà fún òjò. Àwòrán rẹ̀ nìkan ni n ò rí. Ìyàwó mi ní, “Dádì Ìrètí, ẹ kúkú wò ó lórí fóònù.” Mo dá a lóhùn pé ẹni tó ti rí ejò, tó ti rí ẹyẹ, kí ló tún fẹ́ wò?

Mo lọ sí Bahra, ìlú kan nítòsí Jẹ́dà, níbi tí wọ́n ti ń pa adìẹ, wọ́n fún mi ní àpò ìyẹ́ kan. Mo ṣan án lóréfèé, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀wù dúdú kan. Aṣọ pupa ni mo fi ṣe ahọ́n ejò, ṣùgbọ́n gọ́ọ̀mù ò gbé e, ó wá ń fì lábẹ́ àgbọ̀n mi.

Oòrùn Jẹ́dà mú ìyẹ́ yẹn rùn. Onítakisí ṣí gbogbo fèrèsé, nígbà tó yá, ó ní kí n bọ́ sílẹ̀. Mo fẹsẹ̀ rìn dé ilé ìwé, àwọn ológbò àdúgbò sì tò tẹ̀lé mi. Bàbá òǹtajà kan rí wa, ó ní, “Aúsù bílláì,” bí ẹni tó rí èṣù, ó ti ilẹ̀kùn.

Èmi àtàwọn ológbò la jọ wọ gbọ̀ngàn. Ẹnì kan bi Ìrètí ọmọ mi bóyá bàbá rẹ̀ nìyẹn. Ó fi èdè Lárúbáwá fèsì pé òun ò mọ̀ mí rí.

Ìyá akẹ́kọ̀ọ́ mi kan, ará Mẹ́síkò gan-an, dìde, ó pàtẹ́wọ́. “Tíṣà, ẹ ṣeun. Àwọn ènìyàn kì í sábà rántí òrìṣà tòlótòló.”

“Tòlótòló?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, èyí tó máa ń fa àjàkálẹ̀ àrùn. Ẹ tilẹ̀ gbé òórùn rẹ̀ wá.”

Kò fi mí ṣẹ̀sín rárá. Mo tẹrí ba, mo ní òun gan-an ni mo ní lọ́kàn.

Ọ̀gá fi áńkáṣíìfù bo imú. “Ejò tí o ṣèlérí ńkọ́?”

“Ó di ọdún tó ń bọ̀, ọ̀gá.”

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó. Ó ní òun á tún ìkámà mi ṣe, kí òun lè rí ejò náà.

Láti ìgbà náà, kí n tó ní mo mọ nǹkan, màá kọ́kọ́ lọ wò ó. Mò ń rẹ́rìn-ín bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí, àmọ́ ojú ṣì ń tì mí díẹ̀.